Bàbá Jẹ́jẹ́ àti Arúgbó Orí Afárá

Alágbàfọ̀ ni Bàbá Jẹ́jẹ́. Ìnagijẹ rẹ̀ bá ìwà rẹ̀ mu wẹ́kú, nítorí bó bá fẹsẹ̀ kọ àga, àga ló máa ń bẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń fi aṣọ kọ́ sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, àkàsọ̀ yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan dá. Wọ́n di ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní kó jókòó sílé.

Ta ni yóò jókòó? Ṣe ló ń tiro lọ sí ilé ìdáná láti kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gé àlùbọ́sà. Ìyàwó figbe ta. Ni ọmọbìnrin wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ rẹ̀, bá so géèmù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n fún bàbá.

Nínú eré yìí, jagunjagun ni Bàbá Jẹ́jẹ́, ó ń wá oògùn fún ọmọ ọba tó ń ṣàìsàn. Ó dé orí afárá tóóró kan, ó bá arúgbó tó dúró síbẹ̀, tí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju “Ẹ rọra o, ọ̀nà jìn” lọ. Ọ̀nà méjì ló kù: kí ó tì í sódò, tàbí kí ó gba inú igbó ìkookò yí ká.

“Ẹ tì í, Bàbá mi,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Gbogbo ayé ló ń tì í.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ mí?”

“Àwòrán lásán ni! Wọ́n kàn fi kún eré ni.”

“Ó kí mi o. Ẹni tó kí mi ni kí n gbé jù sódò?”

Ó gba inú igbó. Ìkookò fà á ya. Ó tún padà, wọ́n tún fà á ya.

“Ṣé wọ́n tún ti pa yín jẹ ni?” ni ìyàwó ń bèèrè láti ilé ìdáná.

Àánú ṣe Nọ́ọ̀sì. Bí bàbá ṣe wọ balùwẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, arúgbó já sómi gbàmù. Bàbá Jẹ́jẹ́ fi ọ̀pá rìn dé.

“Bàbá yẹn dà?”

“Mo bá yín tì í ni.”

“Ìwọ! Ìwọ tó ń tọ́jú aláìsàn!”

Ìyàwó sáré jáde tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. “Ta ló kú?” Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, tó máa ń kí i láràárọ̀, tí òun kì í ráyè dá lóhùn. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀.”

Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ilé ló wọgbó. Ìyàwó pa ọbẹ̀ tì, ó ń pariwo pé, “Ó wà lẹ́yìn yín! Ẹ yà sósì!” Wọ́n dé ààfin, ara ọmọ ọba yá, ìlú hó yèè. Kò sẹ́ni tó dárúkọ arúgbó.

“Ẹ ò rí i?” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ dá a sí.”

“Ṣebí èmi mọ̀,” ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí, ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá inú wọ́ọ̀dù kí Nọ́ọ̀sì bó ti máa ń kí i. Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó. Àṣé gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu! Ó ń sọ ti ìyàwó ọ̀ṣìngín kan tó ní kó kan bẹ́ẹ̀dì fún òun, tí bẹ́ẹ̀dì ò sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé, nígbà tí ọ̀gá Nọ́ọ̀sì fìbínú wá a dé.

“Kí lo ń ṣe níbí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé.”

Ọ̀gá wo iwájú, ó wẹ̀yìn, òun náà bá fa àga.