Màmá Dọ́bílìn àti Kòkó Orí Pápá

Màmá Olúyẹ́misí Fọláyan kò dé ìlú Dọ́bílìn ní Áyálàńdì rí. Ibi tó jìnnà jù tó tíì dé ni Ìbàdàn, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì máa ń sọ pé oúnjẹ ibẹ̀ ò tẹ́ òun lọ́rùn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ tíṣà ní Aládé ní Ìdànrè kó tó fẹ̀yìn tì, kò sí ọmọ tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dọ́bílìn lọ́dún 1946. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Màmá Dọ́bílìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, torí ẹni tó bá dán an wò lójú rẹ̀ yóò wà lórí ìkúnlẹ̀ títí agogo ìjáde á fi lù.

Fádà Dálì, àlùfáà Àgùdà ará Áyálàńdì tó ń bójú tó ilé ìwé wa láyé àtijọ́, ló sọ ìtàn náà fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Lọ́dún 1946, Fádà fúnra rẹ̀ ò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ọ̀dọ̀ Nóra, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ló sì ń gbé. Tíṣà ni Nóra. Ogun Hítílà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Àwọn ará Áyálàńdì ò bá wọn jà á, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ ò yọ wọ́n sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń pín ni wọ́n ṣì fi ń ra tíì àti ṣúgà. Owó oṣù tíṣà ò tó jẹun. Nígbà tó di oṣù kẹta, àwọn tíṣà Dọ́bílìn gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Oṣù méje ni wọ́n fi wà níta, ìjọba ò sì yí ohùn padà.

Ọdún yẹn kan náà ni òjò ò jẹ́ kí àgbẹ̀ kórè. Àlìkámà ń jẹrà lóko. Ni akọ̀wé, oníṣòwò àti sójà bá tú jáde láti ìgboro, wọ́n lọ ń bá àgbẹ̀ tí wọn ò mọ̀ rí kórè. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń retí, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi sún un síwájú nítorí ìkórè. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbá a, bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe lọ sinmi, àwọn tíṣà sáré wọ pápá, wọ́n gbé pátákó tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń jà fún sí lókè, Nóra sì wà láàárín wọn. Ọlọ́pàá lé wọn jáde.

Tí Màmá bá ti sọ ọ́ débí, ẹnìkan nínú wa á béèrè bóyá wọ́n borí.

"Wọn ò borí," ni Màmá á wí. "Bíṣọ́ọ̀bù àgbà bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo. Ẹ jókòó dáadáa."

Inú máa ń bí mi. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ìtàn ẹni tó pàdánù ṣe? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo fẹ́ kí Nóra ṣẹ́gun kí n lè pàtẹ́wọ́.

Èmi Ọmọlará yìí ti di tíṣà báyìí, nínú ilé ìwé yẹn kan náà. Nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni Ajíbádé ti Èkó dé. Ọmọ olóko kòkó nílùú wa ni, Màmá ló sì kọ́ ọ ní á-bí-dí. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ní wọ́n ti fún un ní pápá ilé ìwé wa kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ Ajé ni katapílà yóò sì dé. Ta ló fún un? Ìbéèrè yẹn ò rí ẹni dáhùn rẹ̀. Pápá yẹn nìkan ni ibi tó tẹ́jú tí àwọn ọmọ wa ti lè sáré. Tó bá lọ, ó lọ nìyẹn, torí òkè ló yí wa ká, kò sì sẹ́ni tó lè ká a kúrò nílẹ̀ kó lè rí òmíràn.

Ọ̀gá wa kó àwa tíṣà jọ, ó ní ẹni tó bá lanu, tìránsífà rẹ̀ sí Òfosù tó jìnnà ti wà nílẹ̀. Mo ní ọmọ méjì tó ń ká mi lọ́wọ́ kò, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá wá bá mi nílé. Kò bẹ̀ mí, kò sì bú mi. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ó mu omi tí mo gbé fún un, ó sì lọ. Ó dùn mí wọra, torí òótọ́ ni.

Láti ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ilé. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ó sì tún lọ bá àwọn Aládùúrà ní tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí ẹni tí kòkó rẹ̀ bá ti kúrò nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi bò ó kó lè kan gbé e wá sá sórí pápá.

Kò sí ọmọ Ìdànrè tí wọn ò nà rí nítorí pé ó fẹsẹ̀ tẹ kòkó tí wọ́n sá sóòrùn. Bí òjò bá sì ṣú, ẹni tó bá wà nítòsí gbọ́dọ̀ báni kó o, ìbáà jẹ́ pé òun àti olóko ń bára wọn ṣẹjọ́. Ọdún mẹ́fà ni bàbá mi àti aládùúgbò wa kan ò fi kí ara wọn, síbẹ̀ kò sí òjò tó bá kòkó ẹnìkan nínú wọn níta.

Nígbà tí katapílà dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kòkó ti kún pápá láti òpó gólù dé òpó gólù, lórí ẹní, lórí tapólì, lórí aṣọ àtijọ́. Màmá jókòó sórí àga láàárín pápá, ó ń fi ọwọ́ yí tirẹ̀ padà. Awakọ̀ wo ilẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ fún Ajíbádé pé òun náà ní bàbá lóko, òun ò lè gun orí kòkó oníkòkó. Ajíbádé bínú títí, ó wá béèrè ìgbà tí wọn yóò palẹ̀ mọ́.

"Tó bá gbẹ," ni Màmá wí.

Ojú fèrèsé kíláàsì ni mo ti ń wò wọ́n. Ojú ń tì mí bí ẹni tó jí ẹran nínú ìṣasùn.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, òjò ṣú. Ajíbádé, nínú aṣọ funfun báláú, rẹ́rìn-ín, ó ní òjò fẹ́ bá òun ṣiṣẹ́. Ìṣirò ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo ń kọ sójú pátákó lọ́wọ́. Bí ẹ̀kán àkọ́kọ́ ṣe dún lórí páànù, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo sáré jáde. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé mi, àwọn tíṣà yòókù tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gá wa tó ní ká má lanu ò lanu lóòótọ́, àmọ́ àpò méjì ló gbé. Awakọ̀ katapílà ti wà láàárín wa, ó ń ká tapólì.

Ajíbádé nìkan ló kù tó dúró. Màmá ò lè dá ẹní rẹ̀ gbé. Ó nàró, ó sì pè é bó ṣe máa ń pè é nínú rẹ́jísítà.

"Ajíbádé Fọlọ́runṣọ́. Òjò ń bọ̀."

"Yẹ́ẹ̀sì, mà," ni ọkùnrin náà dáhùn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀, ó ti bá a gbé ẹní náà kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Abẹ́ òrùlé ilé ìwé ni gbogbo wa dúró sí títí òjò fi dá, omi kòkó ti ba aṣọ funfun Ajíbádé jẹ́. Ajíbádé nu ọwọ́, ó ní, "Màmá, pápá ti ṣófo o."

"Oòrùn á ràn lọ́la," ni Màmá dá a lóhùn.

Oòrùn ràn, a sì tún un sá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, katapílà ti lọ, torí ojoojúmọ́ ni ẹni tó ni ín ń gba owó lọ́wọ́ Ajíbádé. Ajíbádé ní òun yóò padà wá tí ìgbà kòkó bá parí. Màmá ní kó máa bọ̀, láfún náà ń fẹ́ oòrùn.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fún mi ní kúẹrì: kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi fi kíláàsì sílẹ̀, kí n sì tọrọ àforíjì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n kọ ọ́ pé orí ń fọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo gbé ìwé náà lọ bá Màmá. Mo bi í léèrè bóyá Nóra kábàámọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní Fádà sọ fún òun pé títí Nóra fi kú, kò kábàámọ̀ rí. Mo tún béèrè bóyá àwa máa borí. Ó ní òun ò mọ̀, kí n jókòó dáadáa, kí n kọ ìwé mi.

Mo jókòó. Gbólóhùn kan ni mo kọ: Òjò ń bọ̀, kòkó sì wà níta. Mo buwọ́ lù ú, mo kọ orúkọ mi ní kíkún. Mi ò tọrọ àforíjì kankan. Tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n gbé mi lọ sí Òfosù. Wọ́n ń sá kòkó níbẹ̀ náà.