Oògùn Àwọn Tó Ń Kọ Ebè

Ní Tchaourou, ìlú wa, tramadol ni àwọn tó ń kọ ebè iṣu máa ń gbé mì kí ó má baà rẹ̀ wọ́n. Bàbá mi gbà pé oògùn tó ń gbé ọkọ́ yóò gbé ẹsẹ̀ èmi ọmọbìnrin rẹ̀ tí mò ń sáré ìje náà. Ló bá ń fún mi lò. Ìwà òmùgọ̀ gbáà! Kò pẹ́ tó fi di bárakú fún mi.

Lọ́jọ́ ìdíje, mo tu oògùn náà dànù lẹ́nu. Ara mi ń gbọ̀n nítorí àìlò rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì gbẹ́yìn pátápátá.

Tonton mi, àbúrò bàbá mi, kígbe pé, “Ewúrẹ́ mi sáré jù ọ́ lọ!”

Mo dá a lóhùn pé, “Tonton, tramadol mélòó lẹ fún un?”

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi gbẹ́yìn.” Inú mi dùn débi pé mo tún sáré yí pápá ká.