Àdúrà Tí Kò Gbọdọ̀ Já Láàárín

Ní Festac Town, níbi tí òpópónà ti ń fi nọ́ńbà ṣe orúkọ, kò sẹ́ni tó lágídí tó Sẹ̀gilọlá tó ń ya fídíò ìnáwó. Wọ́n ní bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í dúró kó fa okùn. Tó bá ti wò ó báyìí, á ké fúnra rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àlàájì Bádrù, tó ń ta ìrẹsì àti mílíìkì ní Ijegun-Ẹ̀gbá, gbé fláàṣì tí wọ́n ń kó fídíò sí wá. Ìsẹ́yìn ló ń lọ. Ẹsẹ̀ dídùn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wá síbi yìgì Raodah ọmọ-ọmọ rẹ̀, màmá sì ti wé gèlè jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Sẹ̀gilọlá fi fídíò yìgì tó yà ránṣẹ́ sínú fláàṣì. Fláàṣì kọ̀ ọ́.

"Ṣé ó ti kún ni, Àǹtí?"

"Rárá, Àlàájì. Ikùn rẹ̀ fẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ló tín-ín-rín. Kì í gba fáìlì kan tó bá ju gíìgì mẹ́rin lọ, yìgì yín sì lé ní mẹ́fà."

"Ẹ fún un ní ọ̀fun míì."

"Bí mo bá yí i padà, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ màmá ò ní lè kà á mọ́. Bí mo bá sì fún fídíò náà pọ̀, màmá ò ní mọ Raodah yàtọ̀ sí àpò ìrẹsì."

"Ẹ má fi ìrẹsì mi ṣeré."

Òkèlè là ń bù, a kì í gbé odidi iyán mì. Sẹ̀gilọlá ní kí kọ̀ǹpútà gé e sí méjì. Nígbà tí wọ́n wo àkọ́kọ́, ààfáà ń ṣàdúrà pé, "Ọlọ́run á fún yín lọ́mọ," ni ojú kọ̀ǹpútà bá ṣú. Àmín bọ́ sínú fáìlì kejì.

Bádrù dìde. "Ìyá mi á ní a ò ṣàmín sí àdúrà ọmọ-ọmọ òun."

Awakọ̀ tó fẹ́ gbé Àlàájì lọ ti ń fọn fèrè níta. Sẹ̀gilọlá kò wo ẹ̀yìn. Ó fi ẹ̀rọ bo etí, ó ń wá ibi tí àdúrà ti dá. Ṣùgbọ́n ààfáà yẹn kì í mí. Àdúrà rẹ̀ gùn láti Amúwo dé Badagry. Àfìgbà tó mu omi, tí gbogbo ilé ti ṣàmín tán. Ibẹ̀ ló ti gé e. Fláàṣì gbé méjèèjì mì wẹ́rẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù dún. Màmá ló ń pè láti Ìsẹ́yìn.

"Ọmọ mi, Raodah dára. Ààfáà kàn mu omi ni tẹlifíṣọ̀n náà bá dákẹ́."

"Òùngbẹ gbẹ àwọn méjèèjì ni, màmá. Ẹ ní kí Àlàájì tẹ ìkejì."