Alákàbà àti Àtẹ̀gùn Tútù

Wọ́n ní orí àkàbà ni àbúrò mi, olóògbé tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alákàbà, máa ń sùn. Mo gbà á gbọ́ díẹ̀, torí mo ti bá ìrọ̀rí níbẹ̀ rí. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni wọ́n ń pa. Èmi kọ́ ni mo ni ìrọ̀rí. Àkàbà ló ni ín."

Akunlé ni. Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá ń fi àkàbà gòkè nìkan kò tíì mọ ohun tó ní. Ó ń fi í sá aṣọ, ó ń fi í dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ewúrẹ́. Bí àlejò bá pọ̀, á gbé e lé orí korobá méjì, á ní, "Ẹ jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má mí jù."

Lọ́jọ́ tí bíríkìlà da sìmẹ́ńtì sí àtẹ̀gùn ilé wa ni ìrọbí mú ìyàwó ọmọ mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ní kó tẹ sìmẹ́ńtì tútù náà bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bíríkìlà ní rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀, tìyá tọmọ á ṣubú. Ibi tí mo ti ń ké pe Ọlọ́run ni Alákàbà ti dé, ó fi àkàbà ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè.

Bíríkìlà figbe ta. "Ṣé orí yín pé? Obìnrin tó ń rọbí! Gígùn là ń gun àkàbà!"

"Ẹni tó bá gùn ún, ṣé òkè ló máa ń kú sí?"

Alákàbà gùn ún lọ bá aboyún náà, ó so okùn mọ́ ọn láyà, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń fi èjìká gbà á ró.

"Bàbá, ó ń dùn mí o!"

"Pariwo bó o ṣe fẹ́, ìyàwó wa. Ọwọ́ ni kó o má fi sílẹ̀."

Èmi di ẹsẹ̀ àkàbà mú, mò ń ka Sáàmù, mi ò mọ èyí tí mò ń kà mọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, Olúwa ṣeun, èmi ni mo ṣubú. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé èmi lọ sí ọsibítù, kí wọ́n gbàgbé aboyún.

Ó bí obìnrin, wẹ́rẹ́ bí ẹní fẹran jẹ̀kọ.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ délé, bíríkìlà ṣì ń bínú. "Oríire lẹ ṣe. Àkàbà kì í ṣe ohun ìgbẹ̀bí."

Àbúrò mi fa àga sún mọ́ ọn. "Gbọ́ ná, ọ̀gá. Kí gan-an là ń pè ní àkàbà? Àkọ́kọ́..."

Ọmọ ké ní yàrá.

"Ẹ parí ẹ̀ ná! Kí là ń pè é?"

Àbúrò mi ti dìde lórí àga. Ó nu ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ń wọlé lọ. "Mò ń bọ̀, ìyá mi. Mò ń bọ̀."