Òjé Inú Ẹ̀jẹ̀ Ràhímà

Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: èmi ni mo bá Múfú wí títí ó fi fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ ló ń tún ṣe ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì, ojoojúmọ́ ló ń yọ́ òjé. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ Ràhímà, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lè sáré, dé yàrá àyẹ̀wò wa ní Kumasi, ní Ghana, òjé inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo ní, "O ń fi aṣọ iṣẹ́ gbé májèlé wálé fún ọmọ rẹ." Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó lọ ń ru ẹrù lọ́jà.

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyí. A ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá kékeré kan, ẹ̀rọ á sun ún títí yóò fi di èéfín, ìmọ́lẹ̀ á wá gba inú èéfín náà kọjá. Òjé a máa gbé lára ìmọ́lẹ̀ yẹn mì. Bí èyí tó gbé mì bá ṣe pọ̀ tó la fi ń mọ iye rẹ̀. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká fi òrùka wọlé rárá, kí irin ara wa má baà kó bá ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀. A máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé àpọ́n ni gbogbo wa nínú yàrá yẹn. Òun náà ló sọ fún mi pé ẹ̀rọ ń sọ iye òjé ni, kò ní sọ ibi tó ti wá. Èmi rò pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, a tún yẹ ọmọ náà wò. Òjé ọ̀hún tún ti lé sí i. Múfú jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bi mí pé:

"Ánńtí, mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ló tún kù tí n ó fi sílẹ̀?"

Ojú gbà mí tì. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ kó gbogbo ohun tó ń kan ara ọmọ náà wá.

Àpò awọ pélébé kan wà nínú ohun tó kó wá, tìróò ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ ẹni tó fi abẹ́rẹ́ rán àpò náà kí n tó tú u. Ìyá mi ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń ta tìróò ní Moshie Zongo, àdúgbò wa. A fi ásíìdì yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, a fi omi là á léraléra, síbẹ̀ òjé inú rẹ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ lè kà lọ. Ó wá di dandan kí n sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún Múfú. 

Ó ní, "Alhaja, ìyá yín, fẹ́ràn ọmọ mi gan-an."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Kò bá mi jà. Ó kó gbogbo tìróò tó wà nílé sínú ike kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó wá bi mí pé, "Fárúùkù ńkọ́?"

Ọmọ mi ni Fárúùkù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá mi ń lé tìróò fún un kó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Èmi tí mò ń wọn òjé fún ọmọ ọlọ́mọ, èmi náà ni mo máa ń ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹ̀jẹ̀ Fárúùkù wọ yàrá àyẹ̀wò, ni ọ̀gá mi bá gbà á lọ́wọ́ mi. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ títí ẹ̀rọ fi kà á tán. Òjé inú rẹ̀ ju ti Ràhímà lọ.