Àwọ̀ Tí Mo Yọ Kúrò Lójú Àbúrò Mi

Mo rántí ọdún tí èmi àti àbúrò mi ń purọ́ fún ìyá wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ nígbà náà, Calgary, ìlú tí à ń gbé ní Canada, sì dákẹ́. Ilé iṣẹ́ epo tí mo wà ní àárín ìlú dá wa dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ní ká kó ẹrù wa sínú páálí. Àbúrò mi, tí mo fọwọ́ ara mi mú wá láti wá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, gboyè jáde lọ́dún yẹn gan-an, kò sì rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbà á. Ó lọ ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ó sì ń gbé inú basement, yàrá abẹ́ ilé mi, ládùúgbò Redstone. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Síbẹ̀, bí Màmá bá ti pè lọ́jọ́ Sunday, a ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ara sì le. Irú irọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wa tó wà lókè òkun ló ń pa á. A kà á sí ìtọ́jú òbí.

Àìríṣẹ́ṣe ló sọ mí di ayàwòrán. Mo ra kámẹ́rà àlòkù, mo wo fídíò títí ojú fi ń ta mí, láàárín oṣù méjì mo ti ń pe ara mi ní ọ̀gá. Mo gbà pé fọ́tò aláwọ̀ jẹ́ tọmọdé, pé dúdú àti funfun ni tàwọn tó mọ iṣẹ́. Snow tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ di ẹrẹ̀, òpó iná, bàtà mi, kò sí ohun tí mi ò yí sí dúdú àti funfun. Iṣẹ́ náà lọ́gbọ́n nínú lóòótọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ téèyàn lè tì síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí o bá ti búlúù sẹ́yìn, ojú ọ̀run á ṣú bíi pé òjò fẹ́ rọ̀. Bí o bá ti yẹ́lò síwájú, ohunkóhun tó bá pupa bí ìyeyè nínú fọ́tò á di funfun. Mo máa ń ṣàlàyé èyí fún àbúrò mi bó bá ń jẹun, á ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ti di professor."

Màmá ló ní ká fi fọ́tò ránṣẹ́, pé àárò wa ń sọ àwọn. Mo mú àbúrò mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án Saturday kan, mo yà á. Nígbà tí mo ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Mo bú kámẹ́rà. Mo ní iná yàrá ló fà á. Òun náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó ti ń rẹ̀ mí tipẹ́, that warehouse job ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́ Bọ̀dá mi, ẹ bá mi fix ẹ̀. Màmá ò gbọdọ̀ rí mi báyìí, wọn ò ní sùn."

Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe. Mo yí i sí dúdú àti funfun, mo ti yẹ́lò síwájú, ẹyinjú àbúrò mi sì funfun báláú. Inú mi dùn sí i. Mo tiẹ̀ kọ orúkọ mi sí igun rẹ̀.

Màmá pè lọ́jọ́ kejì. "Kí ló dé tí o fi fọ́tò ayé bàbá yín ránṣẹ́ sí mi? Èyí tó láwọ̀ ni mo fẹ́, kí n rí ara ọmọ mi." Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú yẹn ni Màmá ń wá. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Wọ́n ní ó dáa, kí n ṣáà máa fojú sí àbúrò mi. Mo ní mò ń fojú sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó ṣubú níbi iṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ ni. Dókítà kò dá mi lẹ́bi, ó kàn bi mí pé, "How long have his eyes been yellow?" Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ládùúgbò wa tí kò mọ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Èmi náà ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ìwé kà. Kí snow tó yọ́ tán, àbúrò mi ti lọ. Ó dùn mí wọra. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo ti ríṣẹ́ mìíràn, mo sì ti ta kámẹ́rà yẹn. Fọ́tò aláwọ̀ náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mi ò lè pa á rẹ́, mi ò sì lè ṣí i. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ ti bá tèmi tipẹ́, níwájú dókítà. Ọ̀dọ̀ Màmá nìkan ni kò tíì dé. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi sínú férémù ní pálọ̀, torí òun ni fọ́tò ìkẹyìn. Nígbàkúùgbà tí mo bá lọ sílé, wọ́n máa ń fi etí ìró nu gíláàsì rẹ̀, wọ́n á gbé e sún mọ́ ojú.

"Wo bí ẹyinjú rẹ̀ ṣe mọ́," wọ́n á ní. "Ta ló máa wo eléyìí, tó máa mọ̀ pé àìsàn ń ṣe é?"

"Kò sí, Màmá," ni mo máa ń dáhùn. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."