Bí A Ṣe Ra Kọ̀ǹpútà Olórin ní Ìkẹjà

Lẹ́yìn àdúrà àsùbáà la jáde nílé wa ní Ìfákò-Ìjàyè, èmi àti ìyá mi. Ẹ̀yin ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ máa ń sọ pé mo wá fàárọ̀ ṣeré l'Ékòó, ẹ gbọ́ ti ìrìn àjò yìí ná.

Kọ̀ǹpútà la fẹ́ lọ rà. Ẹ mọ̀ pé dùùrù ni mò ń lù níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó. Mo ti pinnu pé inú yàrá mi ni n ó ti máa gba orin sílẹ̀, àwọn wákà tí ìyá mi máa ń kọ fáwọn obìnrin mọ́sálásí ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ gbà. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ Sátidé ni ìyá mi fẹ́ padà sílé lọ́dọ̀ yín pátápátá. Tí wọn ò bá kọ ọ́ kí wọ́n tó lọ, ó parí nìyẹn. Wọ́n gbà láti kọrin, àmọ́ wọ́n ní àwọn máa fojú ara àwọn rí ẹ̀rọ náà.

Kábúkábú la wọ̀, ìyẹn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí olówó rẹ̀ fi ń kó èrò nítorí pé owó oṣù ò tó jẹun mọ́. Náírà mẹ́wàá lórí ẹnì kan. À ń gba ẹ̀gbẹ́ Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, kọjá, màlúù ń sọdá, awakọ̀ wo ìyá mi nínú dígí.

"Màmá, ẹ mà gbayì o. Níbo là ń lọ?"

"Ọmọ mi ló fẹ́ ra ẹ̀rọ tó máa gba ohùn mi."

"Háà! Ẹ rọra o. Ohùn nìkan ló kù tí ìjọba ológun ò tíì gbà lọ́wọ́ wa."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí a fi dé Agége. Láti ibẹ̀ lọ, ilé iṣẹ́ ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Òmíràn ṣì ń rú èéfín, òmíràn ti kógbá sílé látìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti dé, géètì wọn ti dípẹtà.

Ní Ìkẹjà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tuntun la kọ́kọ́ wọ̀. Òtútù ibẹ̀ tó ti ọyẹ́. A fi Yorùbá kí ọmọge ibẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà lowó kọ̀ǹpútà kan! Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó fọhùn, kò lè fọhùn. Sáúndì káàdì, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tó ń fún kọ̀ǹpútà lóhùn, wọ́n ní ọ̀tọ̀ lowó ìyẹn.

"Ó rẹwà, odi ni ṣá," mo sọ fún ìyá mi.

"Odi tó mọ́ tónítóní ni," wọ́n dá mi lóhùn.

Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ Kúnlé, tó ń ta tòkunbọ̀. Nílé, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni Tòkunbọ̀. Níbí, ohunkóhun tí òyìnbó bá lò kó tó dọ́wọ́ wa ni, látorí mọ́tò dórí ṣòkòtò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ni Kúnlé pe tiẹ̀. Sáúndì káàdì wà nínú rẹ̀, ihò tí mo lè ki wáyà dùùrù bọ̀ sì wà lẹ́yìn. Agbára mi ò ju ìyẹn lọ. Inú mi ti ń dùn, àfi bí ìyá mi ṣe fajú ro.

"Àlàbí, ta ló mọ ohun tẹ́ni tó ni í tẹ́lẹ̀ ti wí sínú rẹ̀? Mi ò ní fohùn mi sùn sórí ẹní tẹ́lòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀."

Sátidé ń bọ̀, owó kọ̀ǹpútà tuntun ò sì sí.

Kúnlé kàn tan ẹ̀rọ náà ni, kó lè fi hàn wá pé kì í ṣe odi. Orin kan tí òyìnbó tó lò ó gbàgbé sínú rẹ̀ bọ́ síta. Dùùrù lásán ni, kò lọ́rọ̀: re mí re re mí, re mí re re mí. Ìyá mi gbórí sókè.

"Ẹ gbọ́ ná. Kí ló ń wí?"

"Orin òyìnbó ni, Màmá," ni Kúnlé fèsì. "Kò wí nǹkan kan."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ó ní, 'Ẹ gbé mi relé, ẹ gbé mi relé!'"

Ọlọ́run lẹ́rìí mi, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ báyìí, n ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Kúnlé náà dẹtí, ló bá pariwo: "Rárá o, Màmá! 'Ẹ yára sanwó' ló ń wí!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi fi ìborùn nu omi ẹ̀rín lójú.

"Àlàbí, sanwó ẹ̀ jàre. Àlejò tó bẹ̀ mí pé kí n gbé òun relé, ṣé màá wá já a jù sílẹ̀ ni?"

Nígbà tá à ń bọ̀, apá kọ̀ǹpútà tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n wà lórí itan mi, ó wúwo bí ọlọ. Awakọ̀ gba ogún náírà lórí ẹrù, n ò tiẹ̀ jà. A délé, iná wà! Ẹ bá mi dúpẹ́. Mo so wáyà mọ́ wáyà, ìyá mi jókòó, wọ́n hú ikọ́ díẹ̀, wọ́n gbé orin. Wọ́n kọ ọ́ dópin, mo sì fi í sí i kí wọ́n gbọ́.

Wọn ò gbọ́ ohùn ara wọn látinú ẹ̀rọ rí.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Irọ́ lò ń pa. Ìyá mi nìyẹn."

Ìyá wọn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Èmi tí mo ti ń da tuntun àti àlòkù rò látàárọ̀, ìgbà yẹn ló yé mi pé ohùn tí mo fẹ́ràn jù láyé, ẹnì kan ti lò ó rí. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìrìn náà nìyẹn.

Wọ́n ní kí n tún fi orin náà sí i. Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyá mi dìde lórí àga, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà.

"Ẹ káàbọ̀, mà."